Káàdì Tí Julius Tì Pa

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní Ìgandò tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì. Julius Akínbọ́lá ni akọ̀wé wa níbẹ̀. Bó bá kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, ó lè wù ọ́ kó o tún ṣàìsàn kó lè tún un kọ. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní torí ohun tó ṣẹlẹ̀ purọ́ mọ́ ọn.

Ní 1975, owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú, ìjọba sì kó kọ́bọ́ọ̀dù onírin àti káàdì fún wa. Wọ́n ní kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan máa mú káàdì tirẹ̀ lọ sílé. Láàárín oṣù kan, àwọn kan ti fi tiwọn di ẹ̀pà, ọmọ ti fa tàwọn mìíràn ya. Inú bí Julius. Ó gba gbogbo rẹ̀ padà, ó tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tì í pa.

Mo ní, "Ọ̀gá Julius, ìwé tó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, ta ló fẹ́ kà á?"

"Sístà Matilda, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi tún un kọ? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

Mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, a gún Mọ̀dínátù, aránṣọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ládùúgbò wa, ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìn. Díẹ̀ ló kù kó kú. Julius fi yíǹkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gbà á mọ́. A sọ fún òun náà, ṣùgbọ́n ta ni orúkọ òyìnbó ń dúró sí lórí?

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lọ́dún kejì, ẹsẹ̀ tí ìṣó gún wú mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn wa ò ṣí, ni Múdàṣírù ọkọ rẹ̀ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gún abẹ́rẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mọ̀dínátù sọ pé abẹ́rẹ́ kan wà tí ara òun kì í gbà, òun ò rántí orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè káàdì. Káàdì wà ní Ìgandò. Ó ní kò burú, èyí tí gbogbo ayé ń gbà lòun máa fún un. Pẹnisílìn ni. Mọ̀dínátù ò padà délé láàyè.

Nígbà tá a gbọ́ lọ́jọ́ kejì, Julius mú káàdì náà lọ bá Múdàṣírù. Mo tẹ̀ lé e. Múdàṣírù ò mọ̀wé, ó ní kó kà á. Julius kà á dé ibi yíǹkì pupa.

"Ìgbà wo lẹ kọ ìyẹn?"

"Lọ́dún tó kọjá, sà."

"Ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn, ẹ wá tì í mọ́lé?"

Julius dọ̀bálẹ̀. Múdàṣírù ò ní kó dìde.