Àwọn Ìràwọ̀ tí Kì í Ṣe Ara Agbo

Òórùn epo jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí n tó rántí ìràwọ̀ kankan. Ní àwọn ọdún tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ físíìsì ní Adó-Èkìtì, yàrá kékeré kan ni a ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti ọ̀gá mi obìnrin tó ń tọ́ mi sọ́nà. Bí iná bá lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, a ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta, òun á sì máa fi igi kọ ìṣirò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún mi bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó bá bẹ̀ wá wò a máa béèrè ibi tí ẹ̀rọ tí a fi ń wo ìràwọ̀ wà. Kò sí. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó wà lókè òkun àti lójú sánmà ló ń wọn ìràwọ̀, wọ́n sì ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá rí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá lè lò ó. Kọ̀ǹpútà àti sùúrù ni tiwa.

Mo gbéra ga díẹ̀ nígbà náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́. Nílé wa ní Ìgbẹmọ, níbi tí bàbá mi ti ń gbin ìrẹsì, mo fi ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yọ gbogbo ilé lẹ́nu. Mo sọ fún wọn pé ìràwọ̀ a máa gbé ní agbo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn tí a bí láti inú ìkùukùu kan ṣoṣo, tí wọ́n sì jọ ń rìn lọ. Mo ní bí irú ìràwọ̀ kan bá jó tán, á sún kì débi pé ṣíbí kan lára rẹ̀ á wúwo ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Bàbá mi béèrè ẹni tó bá wa gbé e sórí ìwọ̀n. Àwọn ìyá ìjọ màmá mi ní tiwọn kò bìkítà fún ìwọ̀n. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí n bá wọn wo ìràwọ̀ àwọn ọmọ wọn, bóyá ayé ti gbé e pamọ́. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi, mo sì bá wọn ṣe àmín.

Ọmọ Ìgèdè ni ọ̀gá mi, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Òun ló ṣe ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń tọ́ka sí: ó rí i pé nínú agbo ìràwọ̀ kan, àwọn ìràwọ̀ tó ti jó tán tó sún kì pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Orí iṣẹ́ yẹn ni ìwé tó kó sílẹ̀ láti fi di ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lé. Obìnrin kankan kò tíì dé ipò náà rí ní ẹ̀ka wa, gbogbo wa la sì ń fojú sọ́nà. Iṣẹ́ kékeré ló gbé lé mi lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ ojú sánmà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn bí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn, ó ní kí n fi ìyẹn ti iye tó kà lẹ́yìn.

Mo ṣe é. Ìràwọ̀ tó bá jẹ́ ọmọ agbo gbọ́dọ̀ máa bá agbo rìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀gá mi kà ló ń lọ síbòmíràn. Wọ́n kàn dúró sójú ọ̀nà láàárín àwa àti agbo náà ni, bí èrò tó ń kọjá lọ níbi ìsìnkú tí a wá kà mọ́ àwọn ọmọ olóòkú. Ẹni tó bá yọ wọ́n kúrò, kò ní rí ohun ìyanu kankan nínú agbo náà mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo ṣì í. Mo tún un ṣe. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, bí ẹni pé ibà ló ń ṣe é. Èsì kan náà ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí mo fẹ́ràn obìnrin yìí, èmi ni mo sì fẹ́ ba oyè rẹ̀ jẹ́.

Bàbá mi ni mo sọ fún nígbà tí mo lọ sílé. Kò lóye ìdajì ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó lóye ibi tó ti ń dùn mí. Ó ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun, kí n má ṣe sọ ọ́ lójú èrò, kí n má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ó di ìrẹsì fún mi. Báyìí ni mo ṣe kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú ìrẹsì Ìgbẹmọ lápá kan àti kọ̀ǹpútà lápá kejì. Ó béèrè bóyá mo wá tọrọ ìyàwó ni.

Nígbà tó rí àwòrán ìṣirò náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní kí n tún apá kan ṣe lójú òun, mo sì ṣe é. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn Èkìtì tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ọkàn rẹ̀: “Ọmọ mi, dìde. Ùṣẹ́ ni a ń ṣe, kì í ṣe ìjà.” Ẹkún ni mo bú sí.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa, ọkùnrin rere tó fẹ́ràn rẹ̀, gbọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìwé ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó jẹ́ kí oyè kọjá ná, kí ó tó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Kí n má tàn yín, inú mi lọ́hùn-ún ń gbàdúrà pé kí ó gbà.

Ó wò mí, ó wo ọ̀gá ẹ̀ka. “Ṣé kí n wá jẹ oyè tán, sà,” ó ní, “kí n má lè wo ojú ọmọ yìí mọ́?”

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gba ìwé rẹ̀ padà. A jọ kọ àtúnṣe náà, ó sì fi orúkọ mi ṣáájú tirẹ̀. Mo rò pé oyè náà á bọ̀ láìpẹ́, nítorí ọmọdé máa ń rò pé ẹni tó bá ṣe rere, kíá ni èrè rẹ̀ ń dé. Kò dé. Ìyanṣẹ́lódì wọlé, ìgbéga dúró, ọjọ́ orí kò dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ dé àádọ́rin ọdún, nítorí náà ó fẹ̀yìn tì ṣáájú àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ wọṣẹ́.

Níbi ìdágbére rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, olóòtú ètò fẹ́ bu ọlá fún un, ó sì pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá mi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ ṣeun o,” ó ní, “ṣùgbọ́n Dókítà ni mí. Ẹ má kà mí mọ́ wọn.” Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jókòó láàárín àwọn olùkọ́, n kò lè rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yàrá kékeré yẹn báyìí. Wọn a máa béèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí ìràwọ̀. Mo máa ń sọ pé ìṣirò ni, àti kọ̀ǹpútà, nítorí ìyẹn ni ìdánwò yóò béèrè. Èyí tí mo rí lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní ọjọ́ Ajé yẹn, n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní kíláàsì.