Omi Tí Mo Fẹ́ Kó Mọ́ Ju Ti Rábì Lọ

Oorun ọ̀sán ni mo ń sùn nílé ọmọ mi obìnrin ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo gbọ́ ìró omi tó ń hó. Mo rò pé ẹnì kan ló gbé omi kaná tó sì gbàgbé rẹ̀, mo bá dìde, mo ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà, mo ń bú ẹni tí n kò tíì rí. Ìgbà tí mo dé pálọ̀ ni mo rí i pé kò sí omi gbígbóná níbì kankan. Ọmọ mi ti ra àpótí gíláàsì ńlá kan, ó da omi kún un, ó kó àwọn ẹja pupa kéékèèké sínú rẹ̀, ẹ̀rọ kan sì wà ní igun rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ tí òun ń ṣe ní yunifásítì máa ń rẹ òun, pé tí òun bá ti jókòó tí òun ń wo àwọn ẹja yẹn, ara á tu òun. Mo ní ó dáa. Mo jókòó ti àpótí náà, àmọ́ ara ò tu èmi. Rábì ló sọ sí mi lọ́kàn, Rábì ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àti bí mo ṣe jowú rẹ̀ nígbà tá a wà lọ́mọdé débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Agboolé kan náà ni wọ́n ti tọ́ èmi àti Rábì dàgbà ní Ẹdẹ níbí, lọ́dọ̀ ìyá tó bí àwọn bàbá wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Oṣù méjì péré ni Rábì fi jù mí lọ. Orí ẹní kan la ń sùn, inú àwo kan la ti ń jẹun, aṣọ ọdún wa sì máa ń jẹ́ oríṣi kan náà, kí ìjà má bàa wà. Ohun kan ṣoṣo ló wà tó jẹ́ tèmi nìkan. Láràárọ̀, tí Ìyá Àgbà bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á jókòó sórí awọ àgùntàn tí wọ́n fi ń kírun, tẹ̀sùbáà á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì pè mí. Wọ́n á fa ẹsẹ̀ mi méjèèjì sábẹ́ ìró wọn nítorí òtútù, wọ́n á wá máa kì mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Rábì ò sí níbẹ̀, torí pé Rábì kì í jí. Ọmọ yẹn, tí wọ́n bá gbé e sọ sódò, oorun ni yóò máa sùn lọ. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé oorun rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ ni bàbá Rábì ní Èkó, òyìnbó kan ló ń wà kiri. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé pátápátá, ó fún un ní àpótí gíláàsì kan àti ẹja mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, wọ́n fi aṣọ wé àpótí náà bí ẹni wé ọmọ tuntun, àwọn ẹja sì wà nínú garawa tí wọ́n fi abọ́ dé. Mẹ́ta jẹ́ pupa tó ń dán, ọ̀kan dúdú, ojú rẹ̀ yọ síta gbọ̀ngbọ̀n. Bàbá Rábì ní, "Rábì, tìẹ rèé." Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ìwọ náà, búrẹ́dì ń bẹ nínú mọ́tò." Mo jẹ búrẹ́dì náà. N kò lè sọ fún yín pé mo mọ adùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé wa ti di ibi ìwòran. Tọmọdé tàgbà ló ń wá wo ẹja. Bàbá kan tó wá láti ìlú Ara wò ó títí, ó wá béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa tóbi tó ohun tá a lè yan. Ṣùgbọ́n ti àwọn àlejò kọ́ ló dùn mí. Rábì tí kì í jí bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí ládánì tó pèrun. Ó ti máa ń pọn omi kànga sílẹ̀ látàná, kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè wálẹ̀. Tó bá di òwúrọ̀, á fi ọ̀pá rọ́bà kékeré fa ìdajì omi àpótí náà dànù, á rọra da tuntun sí i, á wá fi àkísà fẹ́lẹ́ gbọ́n tanwíjí, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú àgbá omi òjò, fún àwọn ẹja rẹ̀. Inú iyàrá Ìyá Àgbà ni àpótí náà wà, lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kí n tó mọ̀, Ìyá Àgbà ti ń yí awọ àgùntàn wọn sọ́dọ̀ ẹja tí wọ́n bá ti kírun tán. Wọ́n sọ ẹja dúdú yẹn ní Adú. Wọ́n á ki ìka kan bọ omi, Adú á wá síbẹ̀, Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run." Wọ́n ń ki Adú! Wọ́n ń ki Rábì mọ́ ọn, èmi ń bẹ lórí ẹní, ẹsẹ̀ mi tutù, kò sẹ́ni tó pè mí. Owú jẹ mí. N kò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Mo ní èmi náà á sin tèmi. Nígbà tá a lọ sóko ní Alájùé, mo fi agbọ̀n gbọ́n ẹja méje nínú odò kékeré ibẹ̀, mo gbé wọn wálé nínú abọ́ tánganran, mo sì gbé abọ́ náà ka iwájú Ìyá Àgbà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Èyí á dáa nínú ọbẹ̀." Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo dé láti ilé kéwú ní ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ ilá ti wà nílẹ̀, abọ́ mi sì ti gbẹ. Gbogbo ilé ló rẹ́rìn-ín, Rábì nìkan ni kò rín, ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Nígbà yẹn, egungun nìkan ló kù ní àyà tèmi.

Òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, bàbá Rábì sì ránṣẹ́ pé kó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun ní Èkó. Èmi ni Rábì fa àwọn ẹja lé lọ́wọ́. Ó mú mi dúró níwájú àpótí náà, ó fi bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pá rọ́bà hàn mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ìdajì omi ni o, má pa gbogbo rẹ̀ dà. Má sì fi nǹkan kan sí i." Mo ní mo ti gbọ́. Inú ń bí mi pé ó ń kọ́ mi bí ọmọ kékeré.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mo ṣe bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kànga Ẹdẹ nígbà òjò, ẹ mọ̀ pé omi rẹ̀ máa ń pọ́n. Bí mo ṣe ń jẹ́ kó tòrò tó, àpótí náà ń ṣú sí i. Ìyá Àgbà wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Rábì ò sí nílé lóòótọ́." Kí wọ́n kúkú gbá mi létí. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ nínú mi. Tí omi mímu wa bá pọ́n, álọ́ọ̀mù la máa ń fi sí i, òkúta funfun tó máa ń wà nínú agolo lẹ́bàá ìkòkò omi. Èèyàn á rò ó pọ̀ díẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀, gbogbo ẹrẹ̀ á wálẹ̀, omi á mọ́ tónítóní. Mo rò ó pé tí èyí tó kéré tó ọmọ ìka bá mú odidi ìkòkò mọ́, èyí tó kún ọwọ́ yóò mú àpótí yìí mọ́ ju bó ṣe mọ́ rí lọ. Ìyá Àgbà á sọ pé ọwọ́ mi dára ju ti Rábì. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ kò ju ìyẹn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, mo run álọ́ọ̀mù ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dà á sínú omi, mo rò ó.

Omi náà mọ́. Kí n má purọ́, n kò tíì rí omi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dojú ikùn wọn sókè.

Ìyá Àgbà ní, "Ìnnáà lílláhi." Wọ́n bi mí pé, "Kí lo fún wọn jẹ?" Mo ní tanwíjí ni. Òótọ́ ni, tanwíjí ni mo fún wọn jẹ. Wọn ò béèrè ohun tí mo fi sí omi, n kò sì sọ. Mo sunkún, wọ́n rò pé àánú ẹja ló ń ṣe mí, wọ́n pè mí sórí awọ àgùntàn, wọ́n fa ẹsẹ̀ mi sábẹ́ ìró wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kó àwọn ẹja náà lọ sin sí ìdí ìbẹ́pẹ.

Rábì dé, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Nígbà tó wọlé, ó sọ fún Ìyá Àgbà pé òun ni òun ò kọ́ mi dáadáa. Nígbà ọdún Iléyá, bàbá rẹ̀ wá ẹja mẹ́rin mìíràn fún un, Rábì sì bu méjì sínú abọ́ tánganran mi. Ó ní, "Tìẹ nìyí. Kí ìwọ náà ní." Gbogbo ilé yìn ín. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló tún le sí i: ẹja tí mò ń jowú ti di tèmi, mo wá ń jowú ìwà. Ṣùgbọ́n àrà kan ṣẹlẹ̀. Àpótí Rábì yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé e sí, kò gbé e pa dà sí iyàrá Ìyá Àgbà mọ́. Oorun rẹ̀ pa dà dé, kò jí láàárọ̀ mọ́. Ìyá Àgbà ń pè mí, wọ́n ń kì mí, títí mo fi lọ sílé ọkọ. Mo gbà pé mo ti gba àyè mi pa dà.

Ẹja sísìn ti yàtọ̀ báyìí. Ọmọ mi ní oògùn tó ń fi sí omi ẹ̀rọ kí oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀ má bàa pa ẹja, ó ní bébà tó ń kì bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá omi náà dáa. Ká ní irú bébà yẹn wà nígbà náà ni! Ìkòkò omi ti lọ, agolo álọ́ọ̀mù ti lọ, Ìyá Àgbà náà ti lọ tipẹ́, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Owú ni kò lọ. Mò ń rí i lójú àwọn ọmọ ọmọ mi tí mo bá pín ẹran.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo rí àpótí ọmọ mi, mo wọ mọ́tò lọ sí ìlú Awo, níbi tí Rábì ń gbé báyìí lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, kò lè dìde kí mi. Mo jókòó tì í, mo sọ ohun tí n kò sọ fẹ́nikẹ́ni rí. Mo ní, "Rábì, álọ́ọ̀mù ni mo dà sí omi ẹja rẹ."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mo fọ àpótí. Ó ṣì kù sábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́.

Ó ní, "Tí mo bá sọ fún Ìyá Àgbà, ṣé wọ́n á tún pè ọ́ láàárọ̀ ni? Mo máa ń rí ẹ lórí ẹní nígbà tí ẹja wà nínú iyàrá yẹn. O kì í sùn. Ìyẹn ni mo ṣe gbé àwọn tuntun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Oorun rẹ ńkọ́?" ni mo bi í. "O ò jí mọ́."

Rábì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo máa ń jí. Mo kàn máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì ẹ́."