Ìyẹ́ Bàlúù Tí Mo Rán Bíi Bùbá

Sípù síkẹ́ẹ̀tì ọmọléèwé kan ni mo ń tú lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú nígbà tí fóònù dún. Ìyá Ẹlẹ́ja ni, ìyàwó Bàbá Ẹnjiníà tó ń gbé Ẹ̀pẹ́. Kò tiẹ̀ dúró gba ìkíni mi.

"Ìyá Àníkẹ́, wá wo aṣọ tó o rán o! Ó ń jó lójú omi. Bàbá sáré títí, kò gbéra. Ó sì ti ṣèlérí fún mi pé fífò náà ò ní kọjá òní. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò fò, àrò tí mo fi ń yan ẹja ni màá gbé wọ inú ahéré tó ń kó bàlúù yẹn sí lọ́la."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti gbé síkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. Bàlúù ni mo wí o, bàlúù gidi, tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Èmi télọ̀ síkẹ́ẹ̀tì ni mo sì rán aṣọ ìyẹ́ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì bàlúù ni Bàbá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó délé, kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó fi páìpù fẹ́lẹ́ ṣe egungun, ó fi kẹ́ẹ̀gì ńláńlá mẹ́rin ṣe ẹsẹ̀, kó lè léfòó lórí ọ̀sà. Ó wá ku aṣọ. Ìyàwó rẹ̀, tí mo máa ń rán bùbá fún, ló júwe mi. Ọjọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti na téèpù mọ́ ọn láyà kó tó ní kì í ṣe òun ni màá wọ̀n.

"Ta wá ni, sà?"

"Bàlúù ni."

"Ṣé ti ọkùnrin ni àbí ti obìnrin?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó jókòó, ó ń pìtàn fún mi. Ó ní igi àti aṣọ òwú ni àwọn tó kọ́kọ́ fò fi ṣe ìyẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n sì fi rán an. Ó ní àwọn kan ṣe ìyẹ́ tó ń lù bíi ti ẹyẹ, wọ́n sì já lulẹ̀ bí àgbọn. Ó ní ẹnì kan to ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lérí ara wọn bí àkàbà. Orí mi ń wú. Láti ìgbà tí mo ti jáde girama, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé télọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ èèyàn kọ́kọ́ fò.

Pọ́líẹ́sítà funfun ló rà. Mo rán an bí àpò ìrọ̀rí gígùn méjì, tí wọ́n á ti egungun ìyẹ́ bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi rúlà gbá wa lọ́wọ́ bí a bá gé aṣọ mọ́ra jù. "Ẹ fi àyè sílẹ̀! Èèyàn á jẹun, á mí, á sì sanra!" Ìka méjì lọ́tùn-ún, ìka méjì lósì, ìyẹn ni à ń pè ní àyè. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi àyè sílẹ̀ fún bàlúù, bí ẹni pé ó máa jẹ iyán lọ́jọ́ ọdún. Bàbá alára ò fura. Bàlúù onípáànù ló mọ̀. Nígbà tí aṣọ wọlé wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ dùn.

Bí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe pa fóònù, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo fa Àníkẹ́, ọmọ mi ọmọ ọdún márùn-ún, lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ tó fẹ̀ ń bá atẹ́gùn ṣeré. A wọ mọ́tò tó gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Létí ọ̀sà, ìyẹ́ funfun náà ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Bàbá jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú dé. Kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Ó yẹ kó le bí ikùn aláboyún, ọmọ mi. Ṣé o lè dín in?"

"Ó máa gba ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀?" Ìyá Ẹlẹ́ja ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ahéré náà. "Ibí ni màá gbé àrò sí. Ẹja ò mọ ọjọ́ mẹ́ta."

Mo fọwọ́ kan aṣọ náà, mo sì rántí ìtìjú mi àtijọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ búláòsì pọ́líẹ́sítà oníbàárà kan. Ó sún kì títí tó fi di ti ọmọ ọwọ́. Ọ̀gá mi fi í kọ́ mi lọ́rùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

"Màmá, ṣé ẹ ní èédú?"

"Ṣé èmi ẹlẹ́ja ni mi ò ní ní èédú?"

"Áyọ́ọ̀nù eléèédú ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, àmọ́ ó lọ gbé ti ìyá rẹ̀ wá láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù aṣọ. Bí iná bá pọ̀ jù, aṣọ á yọ́, ó parí nìyẹn. Mo dúró kó rọlẹ̀ díẹ̀, mo ṣe bísímílà, bẹ́ẹ̀ onígbàgbọ́ ni mí. Mo wá fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ìyẹ́. Ojú wa báyìí ni àyè tí mo fi sílẹ̀ ń sá lọ! Ìyá Ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ná: "Kì í ṣe tìtorí yín o, Bàbá. Èédú mi ni mi ò fẹ́ kó ṣòfò."

Nígbà tí mo parí, Bàbá fi ìka ta ìyẹ́ náà. Ó dún pọ́!

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Bàbá wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, tó tan ẹ́ńjìnnì. Kẹ́ẹ̀gì ń fọ́n omi káàkiri. Mo di ọmọ mi mú. Lójijì, ìmọ́lẹ̀ là wọ àárín kẹ́ẹ̀gì àti omi. Ó gbéra! Kò ga tó igi àgbọn, ṣùgbọ́n apẹja kan tó rí i tó ń bọ̀ bẹ́ sómi. Ó fò kọjá apẹja náà, ó sì rọra bà lé omi padà.

"Ọkọ mi nìyẹn o!" Ìyá Ẹlẹ́ja ń fò sókè. Nígbà tí Bàbá gúnlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ yára fajú ro. "Ẹyẹ, ẹ wá jẹun." Kò dárúkọ ahéré mọ́.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà, Àníkẹ́ jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ó fa yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ tó fẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ bá mi fi iná lọ èyí náà, kó le bíi ti bàlúù, kí èmi náà lè fò."

Mo ká etí aṣọ náà sókè, mo fi gbogbo àyè tí mo pa mọ́ síbẹ̀ hàn án.

"Bàlúù kì í dàgbà, ọmọ mi. Bó ṣe wà lónìí náà ló máa wà. Ìwọ ni mo fi àyè sílẹ̀ fún."