Ibojì Bàbá Àgbà Lẹ́tìí Òkun

Mo ṣì kéré, eyín òkè mi tó ká kò tíì hù padà, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ilé tó ń rìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ìlú wa ní etíkun Ìlàjẹ, pákó ni a fi ń kọ́lé, torí òkun kì í dúró síbi kan. Bí omi bá ti jẹ iyanrìn dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin á tú ilé náà palẹ̀, gbogbo àdúgbò á ru pákó àti páànù sẹ́yìn, wọ́n á tún un kọ́. Eré ni lójú àwa ọmọdé. A máa ń jà lórí ẹni tó máa ru ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà, ẹ̀yìn tí a ń sún sí ń tán lọ, torí ọ̀sà ló wà lẹ́yìn wa. Omi iyọ̀ ya wọ inú ọ̀sà, ẹja ibẹ̀ kú, omi kànga kò ṣeé mu mọ́. Àwọn tó máa ń wá ra ẹja lọ́wọ́ wa kò wá mọ́. Ebi wọ ilé wa, kò sì kánjú àtijáde. Bàbá mi bá pinnu pé a máa wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kamẹrúùnù.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní òun kò lọ. Inú iyàrá rẹ̀ ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, bí àṣà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ gan-an. Ilé náà ló jìnnà sí òkun jù nígbà kan. Wàyí o, òun ló kù níwájú. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá àgbà kò bínú.

"Pákó lẹ lè rù," ló wí. "Bàbá yín ńkọ́?"

Bàbá mi lọ di ẹrù wa. A fi Ìyá àgbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin. Mo ṣì ń rí i lójú mi bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò juwọ́ sí wa.

Ní Douala níbí, ní Kamẹrúùnù, bàbá mi tó mọ òkun bí ẹni mọ iyàrá rẹ̀ di ẹni tó ń ru àpò ní Bassa, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Marché Dakar. Ó ṣe díẹ̀, ọmọ ìlú wa kan dé, ó jókòó, kò mu omi tí a gbé fún un. Ó ní Ìyá àgbà ti kú, wọ́n sì sin ín ti ọkọ rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó sọ ìyókù: òkun ti kó ilé náà, àti ibojì méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò fi ẹja kan ẹnu mọ́. Ìyá mi á se ọbẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. A mọ̀ pé inú òkun tó gbé òbí rẹ̀ ni ẹja náà ti ń jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ayé ti yí. Láyé àtijọ́, òwò ló ń gbé èèyàn kúrò nílé, ẹni tó lọ sì mọ̀ pé òun máa padà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbé ládùúgbò Logbaba ṣì ń di ẹrù relé lóṣù Disẹ́ńbà. "Màmá, àjò kì í dùn kí onílé má relé o," ni wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Màá rẹ́rìn-ín, màá sì bá wọn di ẹrù. Àwọn àlejò tuntun náà ń dé láti òkè àríwá Kamẹrúùnù, tí ọ̀dá pa oko àti màlúù wọn. Omi lé wa, àìsí omi lé wọn, a sì jọ ń ná ọjà kan náà.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo bi ọmọ mi àgbà pé níbo ni wọ́n máa sin mí sí. "Màmá, on verra," ló wí lédè Faransé, pé a ṣì máa wò ó, ó sì yíjú. Físà ìlú òyìnbó lòun náà ń wá kiri. Mi ò bá a wí. Ó kàn ń dùn mí ni. Ìyá àgbà kọ̀ láti fi òkú kan ṣoṣo sílẹ̀. Àwa ti fi gbogbo wọn sílẹ̀, a ò sì mọ ibi tí a ó kúnlẹ̀ sí bẹ̀ wọ́n.