Yẹ̀pẹ̀ Etí Gọ́tà

Bí òjò bá ti ṣú báyìí, n kì í lè jókòó. Ọkọ mi a ní kí n fara balẹ̀ jẹun, pé òjò kì í bi káńsẹ́lọ̀ léèrè kó tó rọ̀. Bàtà rọ́bà mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀, ṣọ́bìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan sì wà lọ́rùn mi tí kì í ṣe ti ilé wa. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo máa ń jábọ̀ iṣẹ́ fún àwọn ará wọ́ọ̀dù mi ní Ẹdẹ níbí: kí ọyẹ́ tó dé, àti kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ti ọyẹ́ kì í le. Màá ní kí wọ́n má dáná sun pàǹtírí nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, màá sọ bọ́hólù tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti dákẹ́, wọn á ṣàdúà fún mi, a ó túká. Ti òjò gan-an ni wàhálà. Àdúgbò wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà odò Ọ̀ṣun, gbogbo omi tó bá sì rọ̀ sí òkè, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà kọjá. Gọ́tà kan ṣoṣo ló ń gbé e. Ó gba ẹ̀gbẹ́ títì sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọ abẹ́ kọ́fátì kan, afárá kékeré tó wà níwájú ilé ìyá arúgbó kan tó ń ṣe irú tà.

Ìyá onírú ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí o kò bá mọ ilé rẹ̀, imú rẹ á mú ọ débẹ̀. Agbolé kan náà ni wọ́n gbé èmi àti òun níyàwó wá, àmọ́ ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà ìyàálé mi ni, ìyàwó ló sì máa ń pè mí. Kì í pè mí ní káńsẹ́lọ̀ àfi bí ènìyàn bá pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló jáde kúrò nínú agbolé lọ kọ́lé sí ìsàlẹ̀ yẹn nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì gbẹ. Nígbà tó kú, ẹ̀gbẹ́ ilé náà ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá ìyá. Láràárọ̀, bí ìyá bá ti kírun tán, á ṣí fèrèsé, á ní àsàláàmù àlékún, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún un. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi, ó ń sọ fún òkú iye tí wọ́n ń ta irúgbá lọ́jà.

Lọ́dún tó kọjá, omi wọ ilé náà, ó sì gbá lára yẹ̀pẹ̀ sàréè lọ. Ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó kù láyé ń gbé ní Awo. Ó ti kun yàrá kan sílẹ̀ fún un, ó ní òjò kejì kò ní bá ìyá òun níbẹ̀. Ìyá kò fẹ́ lọ. Kì í ṣe nítorí ilé tàbí irú, nítorí ọkọ rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ni.

Ọjọ́ tí mo jábọ̀ ti òjò, lẹ́yìn ìrun Alásárì, iwájú ilé mọ́gàjí kún. Mo sọ ti iná olóòrùn tó wà ní oríta. Mo sọ ti àgbá pàǹtírí. Mo wá dé orí gọ́tà, mo ní ní Sátidé ìmọ́tótó, kí gbogbo ilé tó wà létí rẹ̀ gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n kó o jọ sétí títì. Mo ní tó bá di Àtìní, típà káńsù á wá kó o. Mo ti bá ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà.

Nígbà náà ni ìyá dìde. Ó na ìbòrùn rẹ̀ dáadáa.

"Káńsẹ́lọ̀," ó ní, "ọmọ mi ní kí n wá sí Awo. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Ṣé kí n dúró ni, àbí kí n máa lọ?"

Mo lè ní kó jẹ́ kí n lọ wo típà náà ná. Mo lè ní kó lọ sí Awo kó padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, mo sì fẹ́ràn kí n máa jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tó ọ̀rọ̀. Mo ní: "Ẹ dúró, ìyá. Lọ́dún yìí, omi ò ní wọ ilé yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ta ní í rántí òwe nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún un?

Sátidé yẹn dùn ún wò. Kò sí ilé tí kò mú ṣọ́bìrì tàbí ọkọ́ jáde. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n gbẹ́ ẹ, yẹ̀pẹ̀ dúdú tó kún fún ọ̀rá omi àti aṣọ àkísà, títí gọ́tà fi jinlẹ̀ dé ibi tí n kò rí i rí. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ tò létí títì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ará wọ́ọ̀dù lórí fóònù. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ìyá ìyàwó.

Ìyá onírú jáde wá bá mi lẹ́nu kọ́fátì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú láti inú irú tó ń fọ̀. Ó wo òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó wà níwájú ilé rẹ̀, ó wò mí.

"Ìyàwó," ó ní, "láyé tiwa, ẹni tó bá gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ lójú omi, òun náà ló ń rù ú lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ta ní í gbá yàrá tí í fi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní: "Ìyá, ayé típà la wà báyìí." Àwọn tó wà nítòsí náà rẹ́rìn-ín. Ìyá padà sídìí irú rẹ̀.

Àtìní dé, típà kò dé. Mo dúró títí di ọ̀sán, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọgbà ọkọ̀ káńsù. Típà ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ koríko ti hù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Awakọ̀ rẹ̀ sùn gbalaja lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní bátìrì rẹ̀ ti kú láti bí oṣù mélòó kan. Mo béèrè pé ṣé ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, ó ní ọ̀gá mọ̀. Mo wo koríko yẹn títí. Bí mo bá wá wò ó kí n tó la ẹnu mi níwájú ilé mọ́gàjí, ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo padà lọ ní Àtàláátà, mo padà lọ ní Àlàrùbá. Wọ́n rí bátìrì, kò sí dísẹ̀lì. Dísẹ̀lì ń bọ̀, ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé kò wá sí iṣẹ́. Awakọ̀ ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, òjò ò tíì tó í rọ̀." Mo gbójú sókè, mo rí ìkùukùu kan lọ́nà Sekona. Oorun kò wá mọ́. Oúnjẹ kò lọ. Bí ẹnì kan bá da omi nù lẹ́yìnkùlé, màá fò dìde.

Òkìtì yẹ̀pẹ̀ kò dúró dè mí. Àwọn kan ti ń da ilẹ̀ ilé wọn lé e lórí, nítorí wọ́n gbọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Adìyẹ ń tú u. Kẹ̀kẹ́ tó bá fẹ́ yà fún òmíràn á gba orí rẹ̀ kọjá, á ti díẹ̀ padà sínú gọ́tà. Mo bẹ àwọn ènìyàn ní Àlàrùbá kí kálukú ru tirẹ̀ kúrò. Wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Káńsẹ́lọ̀, ẹ̀yin náà lẹ ní ká kó o síbẹ̀." Inú bí mi gidi. Nínú ọkàn mi, ọ̀lẹ ni mo pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ní kí wọ́n máa dúró de ọkọ̀.

Ohun tí mo ń rò jù nìyí. Mo lè mú páànù lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá fi ìdajì ìrìn tí mo rìn lọ sí ọgbà ọkọ̀ ru yẹ̀pẹ̀ lórí ara mi, iwájú ilé ìyá ì bá ti mọ́ kí Àlàmísì tó dé. Kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Mo ti di ẹni tó ń pe ọkọ̀, n kì í ṣe ẹni tó ń ru yẹ̀pẹ̀ mọ́.

Ní Àlàmísì, típà gbéra. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ń wà á. Ọ̀sán ni, àmọ́ ojú ọ̀run ti dúdú. A kò tíì dé oríta wa tí afẹ́fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páànù òrùlé, òjò sì dà wá. Nígbà tí a fi máa dé orí òkè àdúgbò, awakọ̀ dúró. Àwa méjèèjì ń wò ó láti inú ọkọ̀: òkìtì kan tẹ̀ lé òkìtì kan, wọ́n ń yọ́, wọ́n ń padà sínú gọ́tà tí a ti gbẹ́ wọn jáde.

"Màmá," awakọ̀ ní, "kò sóhun tí a máa kó mọ́."

Mo bọ́ sílẹ̀, mo sáré sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò. Kọ́fátì ti dí pátápátá. Omi ti fi í sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ìyá wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde. Mo pè é títí. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo ti bá a, lábẹ́ fèrèsé. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìbòrùn gba ìdí, ó mú igbá tó fi ń fọ irú, ó ń gbọ́n omi kúrò lórí sàréè ọkọ rẹ̀, omi náà sì ń padà.

"Ìyá, ẹ jáde níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Kò gbójú sókè. "Ilẹ̀ ń rì, Káńsẹ́lọ̀," ó ní.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ ju àwa méjèèjì lọ. Mo mú abọ́ kan tó ń léfòó lọ, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a jọ ń gbọ́n ọ́n. Nígbà tí òjò dá, apá ẹsẹ̀ sàréè náà ti jìn wọlẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dé láti Awo ní Jímọ́ọ̀. Ì bá wù mí kó bú mi. Kò bú mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní "Ẹ ṣé, mà," ó ń di ẹrù ìyá rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Mo wọlé tọ ìyá lọ, mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Mo ní kó má bínú, èmi ni mo ní kó dúró.

"N ò bínú pé omi wọlé," ó ní. "Omi a máa wọlé. Ohun tó dùn mí ni pé mo sọ ti yẹ̀pẹ̀ yẹn fún ọ, o fi mí rẹ́rìn-ín."

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tó. Lẹ́yìn náà ó tú kọ́kọ́rọ́ lára kókó ìró rẹ̀, ó fi í sí ọwọ́ mi. Ó ní ọkọ òun kò lè bá àwọn lọ sí Awo. Ó ní bí òjò bá ti ń ṣú, kí n wá ṣí fèrèsé, kí n wò ó. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.

A ti fi yẹ̀pẹ̀ líle dí sàréè náà. Kọ́fátì ti là. Ní Sátidé ìmọ́tótó báyìí, mo máa ń gbé páànù bíríkìlà jáde, mo máa ń ru yẹ̀pẹ̀ iwájú ilé ìyá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àwọn kan ti ń ru tiwọn. Àwọn kan ṣì ń kó o sétí gọ́tà, wọ́n ń bi mí nípa típà.

Lánàá, ó tún ṣú. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ, mo ṣílẹ̀kùn. Òórùn irú ti fẹ́ẹ̀ tán nínú yàrá náà. Mo ṣí fèrèsé, mo sálámà sí bàbá, n kò mọ ohun tí mo tún lè sọ. Òjò bẹ̀rẹ̀, fóònù mi sì dún. Ìyá ni, láti Awo. Ó ní ó ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ó béèrè bóyá ilẹ̀ ṣì ń rì.

Mo ní rárá, ìyá, kò rì.

"Ṣé o lọ wò ó ni," ó ní, "àbí wọ́n sọ fún ọ?"