Agbábọ́ọ̀lù Tí Àbúrò Mi Ní Kí N Má Mú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ́dún yìí. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ó ní kí n ṣáà má sọ pé òun sunkún. Kò sunkún.

Dèjì ni orúkọ tí màá máa pè é níbí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ. Nọ́ọ̀sì ni ní Melbourne, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Coppell ní Amẹ́ríkà níbí, físíò ni mí, ìyẹn àwa tá a máa ń kọ́ èèyàn bí wọ́n á ṣe tún máa rìn, tí wọ́n á tún máa bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣubú. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Orúnkún ni o, ìbàdí ni o, ẹ̀yìn ni o, kò sí èyí tí mi ò tíì rí.

Ní February, Dèjì fi link kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ẹnì kan ti jáde nínú líìgì fantasy táwọn ń ṣe, kí n wá dí àyè rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia ni o, èyí tí wọ́n ń gbá lórí pápá tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá, tí wọ́n tún ń fọwọ́ gbá. Mo ní kí ló kàn mí nínú ẹ̀? Ó ní, "Sister mi, ẹ ṣáà wọlé. Ẹ̀ẹ́ gbádùn ẹ̀."

Ká sòótọ́, kí la tún ń bá ara wa sọ látìgbà tá a ti tú ká, ju "ẹ kú ọjọ́ ìsinmi" lọ, àti àdúrà táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn? Mo wọlé.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Wọ́n á fún yín ní owó kan tí kì í ṣe owó gidi, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi ra àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi. Bí àwọn yẹn bá ṣe gbá a sí lọ́sẹ̀ náà lẹ ṣe máa gba máàkì. Àwọn ìràwọ̀ wọ́n gan-an, àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ rà. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ò wọ́n rárá, tí wọ́n bá já yín kulẹ̀, kò ní dùn yín jù. Àwọn tó wà láàárín, tí wọ́n ń pè ní mid-price, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbá rí kó tó ṣèṣe. Ẹni tó ṣe dáadáa lónìí, tó tún sọnù lọ́la. Owó tẹ́ ẹ máa ná lé wọn lórí pọ̀ débi tó máa dùn yín, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí wọn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo sọ ní Ẹlẹ́yìn, torí ahọ́n mi ò gba orúkọ ẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́yìn, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní sáà tó kọjá, iye tí wọ́n ń tà á sì ti já wálẹ̀ dé ìdajì. Mo jókòó, mo wo fídíò ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìmúrasílẹ̀. Mi ò wo góòlù. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀ ni mò ń wò. Ó ń tẹ orúnkún, ẹ̀yìn ẹ̀ nà dáadáa, kò fi apá kan gbe apá kejì. Mo ní hẹn-ẹn, ẹni tó tọ́jú ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Mo sọ fún Dèjì pé mo fẹ́ mú un. Tí mo bá ti jáde níbi iṣẹ́ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo máa ń pè é látinú ọkọ̀ kí n tó bọ́ sórí freeway. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn lọ́dọ̀ tiwọn. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín ni. Inú bí i.

"Sister mi, ẹ̀yìn kì í ṣe ọwọ́ o. Tó bá ti bàjẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tó ń padà bọ̀ sípò.

"Àwọn tẹ́ ẹ rí nìyẹn. Àwọn tí ò padà wá sọ́dọ̀ yín ńkọ́? Wọ́n kàn ń tan ọkùnrin yẹn jẹ ni. Wọ́n á lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Mo ń rò ó nínú ara mi pé, ṣé torí bọ́ọ̀lù náà ni gbogbo èyí? Mo dágbére fún un, mo wakọ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn tá a lè yan tíìmù, a sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ó gbé fóònù tirẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, a jọ ń wo orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì ẹ̀ fẹ́ kú, ó ní òun fẹ́ mú ṣájà. Bó ṣe dìde ni ọ̀rọ̀ dé.

Ó kọ́kọ́ sún ìdí síwájú àga. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti tábìlì, ó fi tòsì ti itan, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ dìde bí ẹni tó gbé garawa omi dání. Ó dúró díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irú ìdìde yẹn ni mo ń rí níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Kì í ṣe ti ẹni tó kàn sùn lọ́nà tí ò dáa mọ́jú.

Ìgbà yẹn ni mo tún wá ro aago. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, ilé ló wà. Ilé náà ló wà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń pè é láti nǹkan bí oṣù kan, ṣé ó ti kùnà láti gbé e rí?

Nígbà tó padà jókòó, mo bi í pé ṣé kò níṣẹ́ lónìí ni. Ó ní òun wà ní off. Mo ní off lọ́sẹ̀ tó kọjá náà? Ó ní, "Sister mi, ẹ jẹ́ ká mú captain."

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe. Dípò kí n ní sùúrù fún un, Fúnkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ni mo pè lọ́jọ́ kejì, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó ní láti November ni Dèjì ti wà nílé. Ìyá arúgbó kan ló fẹ́ yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn, Dèjì sì gbá a mú. Nǹkan kan ò ṣe ìyá náà. Dèjì ni ẹ̀yìn ẹ̀ yẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún Fúnkẹ́ pé ẹnì kankan nílé ò gbọ́dọ̀ gbọ́, pàápàá Màmá ní Ṣàgámù.

Nígbà tí Dèjì mọ̀ pé mo ti pe ìyàwó òun, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi: "Ẹ ò ṣe dáadáa." Látìgbà yẹn, tí mo bá pè é, kì í gbé e. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko.

Kò parọ́ mọ́ mi. Èmi tí mò ń sọ fún àwọn tí mò ń tọ́jú pé ara yín ni, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, mo wá gba ẹ̀yìn ilé wọlé tọ àbúrò mi.

Nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni Ẹlẹ́yìn gbá ìdíje àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mú un. Àárọ̀ Saturday ni mo wo àtúnwò ẹ̀, mò ń ká aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ní apá kejì eré, ó fò sókè gba bọ́ọ̀lù, ẹnì kan sì fi ara kọ lù ú lójú òfúrufú. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbì. Mo dìde, aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀. Ó wá yí ẹ̀gbẹ́, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó dìde, ó ń sáré lọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Dèjì fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní, "Sister mi, mo rí i bó ṣe dìde."

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Kó tó sọ nǹkan kan, mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní kò yẹ kí n pe Fúnkẹ́ láìjẹ́ pé o mọ̀, má bínú. Ó wá ní wọ́n ti ní kí òun máa lọ sọ́dọ̀ físíò, òun lọ lẹ́ẹ̀mejì péré, òun ò padà lọ mọ́.

Mo ní ṣé ó dùn ọ́ jù ni?

"Kì í ṣe pé ó dùn mí. Gbogbo èèyàn ni mo ti sọ fún pé mo wà dáadáa. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé tí mo bá ń lọ síbẹ̀, ẹnì kan á sọ fún mi pé mi ò lè gbé èèyàn mọ́. Kí ni mo wá jẹ́ nìyẹn?"

Ẹnu mi ti ń yún mi láti máa ka eré ìdárayá sí i létí. Mo kó ara mi níjàánu. Mo bi í pé ṣé físíò ló fẹ́ kí n jẹ́ fún òun ni, àbí ẹ̀gbọ́n. Ó ní ẹ̀gbọ́n. Mo ní ó dáa, físíò wà ládùúgbò rẹ, padà lọ bá a. Èmi á máa bá ọ rìn.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, màá so fóònù mọ́ etí, màá máa rìn yípo ilé iṣẹ́ wa, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, bàálù ń kọjá lókè orí mi. Òun náà á máa rìn ládùúgbò tiẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún la kọ́kọ́ ń rìn. Ó di mẹ́wàá. Nígbà mìíràn a kì í sọ nǹkan kan, màá kàn máa gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ẹ má rò pé Ẹlẹ́yìn sọ mí di ọ̀gá o. Ó gbá ìdíje mẹ́fà dáadáa, ní ìkeje iṣan itan fà á, mo sì pààrọ̀ rẹ̀. Ipò kejì láti ìsàlẹ̀ ni mo wà báyìí. Àwọn tó ní kí n má mú un lè sọ pé àwọn sọ ọ́. Òótọ́ ni, wọ́n sọ ọ́.

Dèjì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Oògùn ló ń pín, kì í gbé ẹnikẹ́ni. A ò tíì mọ̀ bóyá ó máa tún gbé èèyàn, òun náà sì ti lè sọ bẹ́ẹ̀ láìfi ojú pamọ́. Ó pe Màmá fúnra ẹ̀, ó ro gbogbo ẹ̀ fún un. Màmá ní òun ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Dèjì ní ta ló sọ fún yín? Màmá ní, "O ti ń pè mí jù. Nígbà tára ẹ le, ó di ìgbà tí mo bá bínú kó o tó pè."

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹni tó wà lórí ibùsùn, a máa ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tára ẹ̀ le, a máa ń bá a yọ̀. Ẹni tó wà láàárín, tó ń jáde, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń fọwọ́ ti tábìlì kó tó dìde, ta ló ń bi í léèrè? Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa bi í, òun gan-an ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti fi nǹkan pamọ́ fún yín rí, tó jẹ́ ohun kékeré ló tú u fó? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ wà dáadáa, ẹ kọ tiyín náà.