Ìdajì Búrẹ́dì Tí Ẹ̀gbọ́n Màmá Mi Kọ̀

Ìgbéraga ìdílé ìyá mi ju owó àpò wọn lọ. Mo lè sọ ọ́, torí ọmọ ibẹ̀ ni mí. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá dé ilé onílé tí wọ́n ní ká wá jẹun, "A ti yó, ẹ ṣé" là ń sọ, kódà kí inú wa máa kùn. Ẹni tó bá gbàgbé, ojú tí màmá mi máa fi wò ó ju pàṣán lọ. Láàárín àwa-ara-wa kò sí wàhálà, torí onílé á tún pè ọ́, á fà ọ́ lọ́wọ́, á ní, "Jókòó jàre, ta ló bi ọ́ bóyá o yó?" Ìgbà yẹn lo máa wá jẹun bí ẹni tí wọ́n fipá mú.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí à ń pè ní Màmá Alágbàfọ̀, gbé ìwà yìí dé ibi iṣẹ́.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn. Oríṣiríṣi èèyàn ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Ẹnì kan kì í dá aṣọ ibùsùn ká. Ìwọ á di etí méjì mú, ẹnì kejì á di etí méjì mú, ẹ ó fà á kó le, ẹ ó rìn pàdé, ẹ ó fi etí kan etí. Ẹnì kejì Màmá ni obìnrin kan tó wá láti ìlú òkèèrè, tó ga débi pé Gogoro ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èdè tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ ń pàdé nídìí aṣọ ní igba ìgbà lójúmọ́, ẹ ó mọra yín. Bí ìka bá ń dun Màmá, Gogoro ti mọ̀, á rọra fà.

Màmá ò bímọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Gogoro nìkan ló kù tó ń rẹ́rìn-ín sí i lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì sọ ọjọ́ iṣẹ́ gbogbo wọn di mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Owó ilé ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ mì. Omi ni Màmá wá ń mu lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, á gbé ìkòkò omi kaná, á máa fi ṣíbí rò ó kó lè máa dún, kí ará yàrá kejì gbọ́ pé òun ń dáná. Ẹ rí i bí? Ebi ń pa á, ariwo ló ń sè. Èmi náà lọ kí i ní Ọjọ́ Àìkú kan pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Bisikíìtì tó kù nínú ike ló gbé fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ojú ṣì ń tì mí.

Gogoro ní tirẹ̀ ti fura. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó gbé ìdajì síwájú Màmá.

"Rárá o, o ṣé, mo ti yó," Màmá ní, ó fi ìka méjì tì í padà.

Ó ń retí kó tún fi lọ òun. Gogoro kò tún fi lọ̀ ọ́. Ó wò ó, ó mú búrẹ́dì rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe wá mọ̀ nígbà tó yá, ebi kì í ṣe ohun ìtìjú. Wọ́n á sọ pé ebi ń pa àwọn bí ẹni sọ pé oòrùn mú. Ẹni tó bá ti oúnjẹ rẹ padà ń sọ fún ọ pé kò sí nǹkan tó pa yín pọ̀. Ebi kan náà ni o, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ kálukú láti gbé e kò dọ́gba. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Gogoro ti bẹ ọ̀gá pé kó gbé òun lọ sí tábìlì mìíràn.

Oṣù mẹ́ta ni Màmá fi ń wo ẹ̀yìn Gogoro láti ọ̀ọ́kán. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kì í wò ó lójú. Màmá ní ebi ṣe é fara dà, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ṣú kó jẹ́ pé o kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ìyẹn le. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òòyì kọ́ ọ tí aṣọ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó máa lọ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó dìde, ó la yàrá iṣẹ́ kọjá lójú gbogbo wọn, ó dúró níwájú Gogoro.

"Ebi ń pa mí," ó ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń pa mí."

Gogoro da àpò rẹ̀ dé sórí tábìlì. Ìgò omi àti kọ́kọ́rọ́ ló jábọ́.

"Èmi náà," ó ní.

Ó fa Màmá lọ́wọ́, wọ́n ń lọ láti tábìlì dé tábìlì. "Ebi ń pa èmi àti ọ̀rẹ́ mi! Kí lẹ ní?" Màmá ní kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì, ilẹ̀ ò dáhùn. Ẹnì kan mú ẹyin wá, ẹnì kan mú ọsàn, ẹnì kan bú wọn dáadáa kó tó bu ìrẹsì fún wọn. Wọ́n jókòó jẹun. Màmá ń jẹ, ó ń sunkún.

"Kí ló dé tó ò sọ nígbà yẹn?" Gogoro bi í.

"Mo rò pé o ó tún fi lọ̀ mí ni."

"O ní o ti yó! Ṣé kí n pè ọ́ ní òpùrọ́ ni?" Ó nu ẹnu rẹ̀. "Mo fẹ́ bi ọ́ pé ká jọ máa gbé yàrá kan, ká jọ máa san owó ilé. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ ni."

Ṣùgbọ́n Gogoro ti dá yàrá rẹ̀ padà fún onílé. Àbúrò rẹ̀ ní ìlú mìíràn ti ń retí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló lọ.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní Ọjọ́ Ajé, àwọn ará ibi iṣẹ́ fún Màmá lóúnjẹ láìjẹ́ pé ó bèèrè. Nígbà tó délé, ó sún àga sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ojú fèrèsé dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ì bá gba bẹ́ẹ̀dì kejì, àyè ì bá sì tún ṣẹ́ kù.